Ìdíje Ló Bí Ikọ̀: Ìtàn Ife Họ́kì Beighton ti Ìlú Calcutta

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùkọ́ eré ìdárayá àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìlú Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi oòrùn ọ̀sán sílẹ̀ wá jókòó tì wá, mo kí gbogbo yín kú ìjókòó. Mo kí àwọn ọmọ Òròkí tó gbà wá lálejò. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ìdíje họ́kì ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, kí ó sì pẹ́ láyé. Mo lè fi gbogbo àkókò wa ka àìtó fún yín: pápá tí kò sí, ọ̀pá họ́kì tí kò kárí, owó tí ọ̀gá kan kò tíì fọwọ́ sí. Ẹ mọ orin yẹn ju èmi lọ. Mo yàn láti mú yín gba ọ̀nà jíjìn lọ sí orílẹ̀-èdè Íńdíà, sí ìlú Calcutta tí à ń pè ní Kolkata lóde òní, níbi tí wọ́n ti ń du Ife Beighton láti ọdún 1895. Ìdíje yìí wà lára àwọn ìdíje họ́kì tó dàgbà jù lọ ní gbogbo àgbáyé, ó sì ṣì ń lọ.

Kí a lè mọ bí ọdún 1895 ti jìnnà tó, ẹ rántí pé ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àgọ́ wọn ká ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí, níbi tí ọkọ̀ yóò gbé ẹnikẹ́ni nínú wa dé kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin rélùwéè láti Èkó, áḿbọ̀tórí kí ó dé Òṣogbo. Lásìkò yẹn ni àwọn ará Calcutta ti ń to orúkọ ẹgbẹ́ họ́kì sínú ìwé, tí wọ́n ń ṣètò ẹni tí yóò pàdé ẹni, tí wọ́n sì ń yọ àwọn ẹgbẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí dé àṣekágbá.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, lẹ́tà ìdíje orílẹ̀-èdè ni ó máa ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni a óò wá sáré kó àwọn ọmọ jọ sí àgọ́ ìgbaradì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó fún wọn ní aṣọ, a ó sì máa pè wọ́n ní ikọ̀. Ní Íńdíà, ọdún 33 ni wọ́n fi gbá Ife Beighton kí orílẹ̀-èdè náà tó fi ikọ̀ họ́kì kankan ránṣẹ́ sí Òlíńpíìkì, nígbà tí ikọ̀ ọ̀hún sì lọ nígbà àkọ́kọ́, góòlù ni wọ́n gbà bọ̀. Ìdíje ni ó bí ikọ̀ náà. Gbogbo ohun tí mo bá sọ láti ibí lọ, orí ọ̀rọ̀ yìí ni yóò dá lé.

Àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé eré náà dé Íńdíà. Ọdún 1886 ni wọ́n dá àjọ họ́kì sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti mú òfin eré náà ṣọ̀kan. Láàárín ọdún 1885 sí 1886 ni ẹgbẹ́ họ́kì àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Calcutta. Ẹ kíyè sí i pé eré náà kò tíì gbó lọ́wọ́ àwọn tó ni ín tí ó fi dé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀gbẹ́ni T. D. Beighton, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan ní Bengal, ni ó fi ife ta wọ́n lọ́rẹ, òun sì ni ìdíje náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Naval Volunteers ni ó kọ́kọ́ gba ife náà. Ní ọdún kejì, ní 1896, ìlú Bombay dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Ife Aga Khan, nípa bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ rárá tí ẹgbẹ́ tó bá mọ eré ṣe fi ní ibi méjì tó lè lọ dánra wò láàárín ọdún.

Èmi kì í yin ẹni tó ta ife lọ́rẹ jù. Ife kò ṣòro rà. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lónìí lè ra èyí tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ohun tó ṣòro ni pé kí ife náà tún jáde ní ọdún tó ń bọ̀, àti ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí olówó náà ti padà sílé rẹ̀ tàbí tó ti kú. Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ní Calcutta ni mo fẹ́ kí a wò fínnífínní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Pápá gbalasa kan wà láàárín Calcutta tí wọ́n ń pè ní Maidan. Lórí Maidan yìí ni àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá ìlú náà pa àgọ́ wọn sí, kò sì jìnnà sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti èbúté lẹ́bàá odò Hooghly. Pápá kan náà ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti họ́kì jọ ń lò, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ pín in fún wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹfà, họ́kì ni ó ni ilẹ̀. Bí òjò bá ti balẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ a gba ipò rẹ̀. Ìdíje líìgì ìlú náà ni wọ́n ń fi ṣí sáà họ́kì, Ife Beighton ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀, nígbà tí oòrùn ti sọ ilẹ̀ di líle.

Líle ilẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá mọ eré náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì di ọ̀pá họ́kì mú rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pá họ́kì ní tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òun nìkan ni òfin sì gbà kí a fi kan bọ́ọ̀lù. Ojú kejì rí roboto, bí bọ́ọ̀lù bá kàn án, rẹfirí yóò fun fèrè. Ẹni tó bá fẹ́ darí bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún àti òsì ní láti máa yí orí ọ̀pá náà padà léraléra bí ó ti ń sáré, kí ojú tó tẹ́ lè máa pàdé bọ́ọ̀lù ní ìgbà gbogbo. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ le bí òkúta, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 156 sí 163. Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ènìyàn kò lè dúró ní ibi jíjìn kí ó fi agbára gbá a wọlé. Inú ààlà tó rí bí ìdajì òbìrí, tó yí ojú ilé ká, tí kò ju mítà 15 lọ, ni a ti gbọ́dọ̀ gbá a kí ó tó di góòlù. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ bí a ti ń fi bọ́ọ̀lù lẹ̀ mọ́ ọ̀pá wọ inú ààlà yẹn ni ọba eré. Ilẹ̀ líle tí koríko rẹ̀ kúrú, bí ti Maidan lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, fún àwọn ọmọ Íńdíà ní àǹfààní láti kọ́ ọwọ́ yìí ju àwọn òyìnbó tó ń gbá tiwọn lórí koríko tútù lọ.

Ilẹ̀ nìkan kò tó ṣá. Ta ni ń gbá eré náà? Ẹni tó bá ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ nínú Ife Beighton láyé àtijọ́ yóò rí i pé orúkọ ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: ẹgbẹ́ Aṣọ́bodè Calcutta, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Èbúté, ẹgbẹ́ Rélùwéè Bengal-Nagpur, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun. Ẹni tó bá mọ họ́kì gbá dáadáa lè rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gba owó oṣù, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá sì dé, ó ń rìn lọ sí Maidan. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kejì fi ojú àwọn gbolẹ̀, ìjàdù yẹn ni ó sì ń mú kí wọ́n máa wá ẹni tó mọ eré kiri. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí pé òun gan-an ni ọ̀wọ̀n ilé. Eléré ìgbà náà kò gbé ara lé ẹ̀bùn owó ìdíje. Ìdíje kì í bọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ, iṣẹ́ náà sì ń fún un láyè láti lọ sí ìdíje.

Púpọ̀ nínú àwọn tó gba iṣẹ́ báyìí ní rélùwéè, ní aṣọ́bodè àti ní èbúté jẹ́ ọmọ tí òyìnbó àti ará Íńdíà jọ bí, tàbí ìran wọn. Ìjọba amúnisìn máa ń ya irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn, họ́kì sì di eré ìran wọn ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ibi iṣẹ́. Àwọn Mùsùlùmí, Híńdù àti Síkì náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ orí òkè agbègbè Ranchi tí wọ́n kọ́ eré náà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ranchi yìí ni Jaipal Singh, ọmọ ẹ̀yà Munda, tí ó kàwé dé Oxford, tí ó sì di balógun ikọ̀ Íńdíà ní Òlíńpíìkì 1928. Nígbà tí ó padà sí Calcutta, òun ni ó dá ẹ̀ka họ́kì sílẹ̀ fún Mohun Bagan, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo Bengal mọ̀. Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ẹ gbọ́ pé ní ọdún 1934, ọkùnrin yìí gba iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Achimota, ní Gold Coast tó di Gánà lónìí. Balógun ikọ̀ họ́kì àkọ́kọ́ tí Íńdíà fi gba góòlù wá jẹ oúnjẹ etí òkun wa níhìn-ín, kò sì pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ eré ìdárayá wa tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọdún 1908 ni wọ́n dá Àjọ Họ́kì Bengal sílẹ̀, àjọ họ́kì àkọ́kọ́ ní Íńdíà, òun ni ó sì wá di alábòójútó Ife Beighton. Ẹ bá mi wo bí ọdún ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: ife dé ní 1895, àjọ ìpínlẹ̀ dé ní 1908, àjọ orílẹ̀-èdè kò dé títí di ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1925, nígbà tí wọ́n pàdé ní ìlú Gwalior. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìdíje fi ṣíwájú àjọ orílẹ̀-èdè. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré kan, alága ni a kọ́kọ́ máa ń yàn, lẹ́yìn náà akọ̀wé, lẹ́yìn náà akápò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa kan bọ́ọ̀lù, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àjọ orílẹ̀-èdè náà wá fẹ́ yan ikọ̀ tí yóò lọ sí Òlíńpíìkì Amsterdam ní 1928, wọ́n pe ìdíje láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, Calcutta náà ni wọ́n sì pè é sí, nítorí pé ibẹ̀ ni pápá, rẹfirí àti òǹwòran tó mọ eré ti wà. Ìpínlẹ̀ 5 ni ó wá: United Provinces, Bengal, Punjab, Rajputana àti Central Provinces. United Provinces ni ó gbégbá orókè, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Dhyan Chand sì wà nínú ikọ̀ wọn. Láti inú ìdíje ọdún yẹn ni ìdíje àgbà orílẹ̀-èdè Íńdíà ti ṣẹ̀, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ ṣì ń gbá di òní olónìí. Owó kò tó láti kó gbogbo àwọn tí wọ́n yàn lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi ẹni méjì sílẹ̀, Shaukat Ali àti Rex Norris, kí àwọn ará Bengal tó dìde láti bá wọn wá owó náà. Ènìyàn mẹ́ta péré ni ó wá sin wọ́n dé ibi ọkọ̀ ojú omi ní Bombay. Góòlù 29 ni ikọ̀ náà gbá wọlé ní Amsterdam, 14 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Dhyan Chand nìkan, wọn kò sì jẹ kí ẹnikẹ́ni gbá ẹyọ kan wọlé wọn. Wọ́n na Nẹ́dálándì 3 sí 0 ní àṣekágbá. Richard Allen, aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù kò kọjá lára rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Èbúté Calcutta ni. Mo fẹ́ràn láti máa rántí ìyẹn: ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ bí a ti ń ṣọ́lé nínú ìdíje àárín ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣọ́ ilé Íńdíà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọdún 1933, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn Ife Beighton ti dùn jù fún mi. Lásìkò yẹn, Dhyan Chand ti gba góòlù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ní 1928 àti ní 1932. Ó kó ẹgbẹ́ kan láti ìlú tirẹ̀ wá, Jhansi Heroes. Bí a bá yọ àbúrò rẹ̀ Roop Singh kúrò, àti Ismail tó ń gbá fún rélùwéè ní Bombay, ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì lórúkọ ni àwọn tó kù. Ẹni tí wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá ni ẹgbẹ́ Aṣọ́bodè Calcutta nílé wọn, pẹ̀lú Shaukat Ali, Asad Ali, Claude Deefholts, Seaman àti Mohsin, àwọn tí orúkọ wọn ń dún káàkiri Íńdíà nígbà náà.

Àwọn Aṣọ́bodè lọ́ wọn mọ́ ẹ̀yìn pápá. Wọ́n ń ya wọ inú ààlà, ilé àwọn ará Jhansi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé aláìlónílẹ̀kùn. Lójijì ni Dhyan Chand já bọ́ọ̀lù gbà, ó gbé e dé àárín pápá, ó wá ta á ní ìtajìn sí iwájú Ismail. Gígùn pápá họ́kì jẹ́ nǹkan bí mítà 91, Ismail sì sá ìdajì rẹ̀ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù yẹn. Agbá-àárín apá òsì Aṣọ́bodè àti aṣọ́lé wọn kò gbọ́ra wọn yé lórí ẹni tó yẹ kó jáde sí i. Àárín àwọn méjèèjì ni Ismail gbà kọjá, ó sì gbá a sínú àwọ̀n. Góòlù kan ṣoṣo tó wọlé nìyẹn, Jhansi Heroes sì gba ife lọ. Dhyan Chand yìí kan náà ni balógun ikọ̀ tó na Jámánì 8 sí 1 nílé wọn ní Berlin ní 1936, níwájú àwọn aláṣẹ wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi òun léèrè èyí tó dára jù nínú gbogbo eré tí òun gbá, àṣekágbá Ife Beighton 1933 ni òun yóò dárúkọ. Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ ronú sí i. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù níwájú gbogbo ayé sọ pé ní ìdíje abẹ́lé ni òun ti gbá eré tó dára jù lọ.

Ìtàn kejì tí mo fẹ́ sọ kò ní ariwo púpọ̀. Ní ọdún 1946, ní Kharagpur, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Calcutta, ẹgbẹ́ Rélùwéè Bengal-Nagpur ń gbaradì fún Ife Beighton. Ikọ̀ kìíní àti ikọ̀ kejì wọn fẹ́ bára wọn gbá, ṣùgbọ́n ènìyàn kan dín nínú ikọ̀ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá tó ń wòran; bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tirẹ̀. Dickie Carr, tí ó ti gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1932, ní kó wá dí àlàfo náà. Ọmọ náà gba ọ̀pá, ó wọlé. Leslie Claudius ni orúkọ rẹ̀. Ní 1948, ó wà nínú ikọ̀ tó gba góòlù ní London. Ó tún gba góòlù ní 1952 àti 1956, ó sì di balógun ikọ̀ tó gba fàdákà ní 1960. Lẹ́yìn rélùwéè, ẹgbẹ́ Aṣọ́bodè Calcutta ni ó gbá fún, iṣẹ́ aṣọ́bodè náà ni ó sì ṣe. Kolkata ni ó kú sí ní 2012. Bí kò bá sí ìdíje tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, kò ní sí ìgbaradì ní Kharagpur lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sì sí ikọ̀ kejì, kò ní sí àlàfo tí ẹnikẹ́ni yóò pè é sí.

Ìpín ilẹ̀ Íńdíà ní 1947 mú díẹ̀ lára okun họ́kì náà lọ sí Pakistan, àwọn ni wọ́n sì wá gba góòlù lọ́wọ́ Íńdíà ní 1960 pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Ohun tó dun Calcutta jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé àwọn ìdílé ẹlẹ́jẹ̀-méjì tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà. Àwọn ọmọ ìyá márùn-ún kan, àwọn Pearce, tí wọ́n bí ní Jabalpur ní Íńdíà, ni gbogbo wọn gbá họ́kì fún Ọsirélíà. Àwọn ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ìgbà ayé tuntun wá rọ́pò wọn nínú Ife Beighton: Indian Airlines, ẹ̀ṣọ́ ààlà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BSF, Punjab and Sind Bank, Indian Oil. Ẹ rí i pé orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ètò náà kò yí: ilé iṣẹ́ ṣì ni.

Ìṣòro tó tún dé lẹ́yìn ìyẹn ni ti pápá àtọwọ́dá. Ní Òlíńpíìkì Montreal ní 1976, wọ́n kọ́kọ́ gbá họ́kì Òlíńpíìkì lórí koríko tí ènìyàn ṣe. New Zealand gba góòlù, Íńdíà ṣe ipò keje. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ họ́kì àgbáyé kò lè kọ́ ọ lórí Maidan mọ́, nítorí pé bọ́ọ̀lù ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí pápá tuntun, ìtajìn sì níye lórí ju fífi bọ́ọ̀lù lẹ̀ mọ́ ọ̀pá lọ. Àwọn olókìkí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Calcutta sílẹ̀ sí ibi tí irú pápá bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi ìrẹ̀sílẹ̀ họ́kì Íńdíà ru pápá àtọwọ́dá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Orí pápá àtọwọ́dá ni Íńdíà ti gba góòlù ní Moscow ní 1980, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó lágbára nínú eré náà kò wá síbẹ̀. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gba bàbà ní Òlíńpíìkì Tokyo àti ní Paris 2024. Kíríkẹ́ẹ̀tì gba ojú tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ìjọba tí eléré lè rí gbà sì ń dín kù. Ní Calcutta pàápàá, wọ́n pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé Ife Beighton kúrò lórí koríko Maidan lọ sórí pápá àtọwọ́dá ní agbègbè Salt Lake. Àwọn alábòójútó fẹ́ràn pápá àtijọ́ wọn, ìfẹ́ náà sì ná wọn lówó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a báyìí, lábẹ́ Àjọ Họ́kì Bengal, àwọn ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ sì ṣì ń wá láti òkèèrè.

Bí a bá wá yí ojú padà sí Òṣogbo, kí ni a lè mú nínú èyí? Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973, họ́kì sì wà lára àwọn eré rẹ̀. Èmi kò kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ìdíje tó ń wáyé ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n máa ń sún síwájú nígbà mìíràn, kò lè dá eléré sílẹ̀. Ó kàn lè kó èyí tó ti wà nílẹ̀ jọ ni. Ohun tí a nílò ní ìpínlẹ̀ yìí ni ife kan tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, lórí pápá kan náà. Gbogbo wa mọ̀ pé oṣù kẹjọ ni Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Ẹnikẹ́ni kì í dúró de ìwé ìpè kí ó tó mọ̀, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ kí oṣù náà tó wọlé. Irú dídá-ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ.

Nípa ilé iṣẹ́, mo mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí a ní níbí tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá wà, àwọn Sífù Dìfẹ́ńsì wà, yunifásítì ìpínlẹ̀ yìí wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn olùkọ́ fúnra wọn wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó gbá họ́kì ní ilé ẹ̀kọ́ girama wà nínú àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí báyìí, tí ọ̀pá wọn sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan kàn gbà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ òun mẹ́wàá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní pápá àtọwọ́dá kò sí. Òótọ́ ni, iye tí wọ́n ń fi ṣe é sì pọ̀. Họ́kì ẹlẹ́ni márùn-ún wà tí kò béèrè pápá ńlá, ó sì ti ní Ife Àgbáyé tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ikọ̀ àwọn ọkùnrin Nàìjíríà wà lára àwọn tó lọ gbá a ní Muscat, ní orílẹ̀-èdè Oman. Ilẹ̀ kọnkéré tó dán nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tó fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí a bá fi pákó yí i ká kí bọ́ọ̀lù má baà máa jáde. Àbá mi ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wọlé sí ife náà kó ikọ̀ méjì wá, ikọ̀ kìíní àti ikọ̀ kejì, kí ikọ̀ kejì sì ní ìdíje kékeré tirẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí a sì fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ kejì láyè láti pe ọmọ tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá bí ènìyàn bá dín.